Géètì Tí Kò Níṣẹ́ Lórí Ìwé

Ìdáhùn tó kúrú jù lọ ló ń gba máàkì kíkún. Bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí èmi náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí lónìí tí mo di ẹni tó ń dúró síwájú pátákó. A ó gbé àtẹ òótọ́ kan fún ọmọ, ìyẹn tábìlì tó ń sọ ohun tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣe ní gbogbo ipò tí àwọn àmì tó ń wọlé bá wà, ì báà jẹ́ 0, ì báà jẹ́ 1. A ó ní kó sọ àtẹ náà di gbólóhùn lójíìkì, kó sì gé e títí kò fi ní sí ohun tó ṣeé gé mọ́. Ẹni tó gé e dé lẹ́tà mẹ́rin yóò gba máàkì ju ẹni tó dúró sórí mẹ́fà lọ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí dọ́ba, n kò sì ní yé fi kọ́ni. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé "báwo ló ṣe lè kúrú tó?" kọ́ ni ìbéèrè tó bí i. "Kí ló wọ́n?" ni. Ohun tó sì wọ́n lánàá lè má wọ́n lónìí.

Nígbà tí George Boole sọ òótọ́ àti irọ́ di ohun tí èèyàn lè ṣírò, kò sí wáyà kankan lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ oníṣẹ́ bàtà ni, ará Lincoln nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bí i ní 1815. Kò rí yunifásítì lọ, fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀, síbẹ̀ ní 1849 wọ́n pè é kó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Cork, ní Ireland. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn òfin ìrònú jáde ní 1854. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà kí ìwé ọ̀hún tó di ohun tí ẹlẹ́rọ lè fi jẹun. Ní 1937, Claude Shannon, ọmọ ọdún 21, kọ ìwé oyè másítà ní MIT, ó sì fi hàn pé relay, swíìsì tí iná ń fà ṣí tó sì ń fà pa, ń tẹ̀ lé òfin Boole láìyẹsẹ̀. Swíìsì méjì tó tò tẹ̀ léra lórí wáyà kan ni "àti": àfi kí méjèèjì gbà kí iná tó kọjá. Swíìsì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni "tàbí": bí ọ̀kan bá ti gbà, iná ti kọjá. Ní Japan, Akira Nakashima ń tẹ irú èrò bẹ́ẹ̀ jáde ní àkókò kan náà.

Ẹ fi relay sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ìyókù fi yéni. Wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin, ẹnu irin kéékèèké tó ń pàdé tó ń pínyà, eruku tó ń kó sí i, àyè tó ń gbà lára ògiri. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ń tò ó lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Bí èèyàn bá jókòó ti ìwé àti pẹ́ńsùlù, tó yọ relay kan ṣoṣo kúrò nínú àwòrán tí wọn yóò tún ṣe ní àìmọye ìgbà, owó gidi ló mú wálé. Kì í ṣe ẹwà ìṣirò ló lé àwọn ará Bell Labs, ibi ìwádìí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù nílẹ̀ Amẹ́ríkà, sídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹwà wà níbẹ̀, àmọ́ èrè ni.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gé e kò ṣòro. Ká ní mo fẹ́ kí pọ́ǹpù omi máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Mo kọ òfin méjì sílẹ̀: bí iná NEPA bá wà, tí táǹkì kò kún, tí ojúmọ́ sì ti mọ́, kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́, bí iná NEPA bá wà, tí táǹkì kò kún, tí ilẹ̀ sì ti ṣú, kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́. Ọmọdé á rí i pé ọ̀sán tàbí òru kò já mọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà. A gé e dànù, òfin méjì di ẹyọ kan. Bí òfin bá di ogún tí àmì sì di mẹ́rin, ojú kì í tètè rí èyí tó yẹ ní gígé mọ́. Edward Veitch ya àtẹ kan fún un ní 1952. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Maurice Karnaugh ti Bell Labs tún un tò, tó di èyí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹ́rọ ayé ń pè ní K-map. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ju bó ṣe to nọ́ńbà orí òpó: 00, 01, 11, 10, dípò 00, 01, 10, 11. Nípa bẹ́ẹ̀, láti ilé kan bọ́ sí èkejì, àmì kan ṣoṣo ló ń yí padà, etí òsì àti etí ọ̀tún máàpù náà sì di aládùúgbò. Àwọn 1 tó bá kọ́lé ti ara wọn ni a ó fi òbìrí yí ká ní méjì, mẹ́rin tàbí mẹ́jọ. Ojú ló ń ṣe ìṣirò náà fún ọpọlọ.

Ṣùgbọ́n ojú kì í lọ jìnnà. Kí àmì tó di mẹ́fà, máàpù ti ń dojú rú. Ọ̀gbẹ́ni Quine, onímọ̀ ọgbọ́n orí tó ń kọ́ni ní Harvard, kọ ọ̀nà mìíràn jáde ní 1952 nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ìṣirò, èyí tí kò nílò àwòrán. Edward McCluskey sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé ní ìpele-ìpele ní 1956. Títí dòní a ń pe orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀. Ọ̀nà wọn dájú, á mú ìdáhùn tó kúrú jù lọ wá. Ìyọnu rẹ̀ ni pé iye ohun tó gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò ń pọ̀ bí iná ọyẹ́.

Ẹ wo bí ayé fọ́ńṣọ̀n, ìyẹn gbogbo àtẹ òótọ́ tó ṣeé kọ, ṣe gbòòrò tó. Àmì méjì lè bí fọ́ńṣọ̀n 16 péré. Mẹ́ta ń bí 256. Mẹ́rin ń bí 65,536, márùn-ún sì ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin. Nọ́ńbà 256 yẹn á dún létí ẹnikẹ́ni tó bá mọ Ifá, kì í sì í ṣe pé nọ́ńbà kàn bára mu lásán. Àtẹ òótọ́ àmì mẹ́ta ní ìlà mẹ́jọ, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1. Odù ní ojú mẹ́jọ, ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ tàbí méjì. Èèyàn lè fi fọ́ńṣọ̀n kọ̀ọ̀kan lé odù kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kò ní ku ọ̀kan. Àwọn kan ti tìtorí èyí sọ pé baba wa ló kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà. N kò bá wọn débẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti pín ló dùn mọ́ mi. Èjì Ogbè jẹ́ ẹyọ láti òkè délẹ̀. Bí a bá fi ẹyọ ṣe 1, lójú ẹlẹ́rọ fọ́ńṣọ̀n yẹn kò nílò géètì kankan, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ "àti" tàbí "tàbí", wáyà kan tó so mọ́ iná ti tó o. Lójú babaláwo, òun ni àgbà gbogbo odù.

Shannon padà sórí ọ̀rọ̀ náà ní 1949, ohun tó sì rí yẹ kó bà wá lọ́kàn jẹ́ ju bó ṣe ń bà wá lọ. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn fọ́ńṣọ̀n wọ̀nyí kò ṣeé gé sí ohun tó kéré. Bí àmì kan bá ti kún un, iye swíìsì tí wọ́n ń bèèrè ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àwọn tí èèyàn ń fẹ́ lò níbi iṣẹ́, bíi ká ro nọ́ńbà méjì pọ̀, ká fi wọ́n wéra, ká yan ọ̀kan nínú wọn, ni wọ́n ní ètò nínú tí ọ̀bẹ fi ń wọlé. Wọ́n ṣọ̀wọ́n láàárín ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ tó kù. Gbogbo ìwádìí ọdún wọ̀nyí lórí gígé kúrú, orí àwọn ṣíṣọ̀wọ́n wọ̀nyí ni wọ́n ti ń ṣe é.

Kódà nínú àwọn tó ní ètò, ibi tí èèyàn dúró sí ló ń pinnu ohun tó máa rí. Ẹ mú fọ́ńṣọ̀n tó ń sọ bóyá iye 1 tó wọlé kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, mẹ́ta dípò méjì, tàbí ẹyọ kan dípò mẹ́rin. Bí àmì bá jẹ́ mẹ́rin, 1 mẹ́jọ ló máa bọ́ sórí K-map, kò sì sí méjì nínú wọn tó kọ́lé ti ara wọn. Quine kò lè gé e, Karnaugh kò lè gé e: ọ̀wọ́ mẹ́jọ, lẹ́tà mẹ́rin-mẹ́rin, lẹ́tà 32 lápapọ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá gbà kí iṣẹ́ náà kọjá ìpele méjì, tó sì lo géètì XOR, èyí tó ń sọ 1 bí àmì méjì tó wọlé bá yàtọ̀ síra, mẹ́ta péré ló ń parí rẹ̀. IC 7486 kan, ìyẹn chip kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà, ní mẹ́rin nínú. Ìyẹn ni pé "kò ṣeé gé mọ́" tí a kọ sábẹ́ ìdáhùn ní àfikún tí a kò kọ: kò ṣeé gé mọ́ ní ọ̀nà tí à ń gbà gé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló fi ọ̀rọ̀ yìí yé mi ju ìwé lọ. Ọmọ tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ni, ó mọ iye IC lọ́jà. Mo ń yin ìdáhùn kan lórí pátákó, ó nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, 7408 kan, géètì AND mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìdáhùn ti tẹ́lẹ̀ lo mẹ́ta. Èyí tí ẹ gé yìí lo méjì. IC kan náà la máa rà, sà. Kí la wá rí fi pamọ́?"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ló sọ. Bó bá jẹ́ relay ni, à bá ti yọ ẹyọ kan kúrò. Nínú IC ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rìnlá tí géètì mẹ́rin jọ ń gbé, géètì tí a kò lò kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni, owó rẹ̀ sì ti lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni ẹ̀rọ yìí yóò jẹ́ bó bá jáde, kí wọ́n tó fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù.

Àwọn olùwádìí ti gbà tipẹ́ pé a kì í lé èyí tó kúrú jù lọ délé. Ó wà lára àwọn ìṣòro tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ọ̀nà yíyá fún, bí àmì bá ti pọ̀. Ní 1974 àwọn ará IBM gbé MINI jáde, ètò kọ̀ǹpútà tí kò ṣèlérí èyí tó kúrú jù, èyí tó dára tó ló ń wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Espresso dé, èyí tí Brayton, Hachtel, McMullen àti Sangiovanni-Vincentelli kọ ìwé lé lórí ní 1984. Mo lè sọ̀rọ̀ Espresso di alẹ́. Ó kọ́kọ́ ń fẹ òbìrí kọ̀ọ̀kan títí tí kò fi ní lè fẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, á yọ àwọn òbìrí tí àwọn tó kù ti bò mọ́lẹ̀. Bó bá wá dé ibi tí kò sí ohun tó ṣeé ṣe mọ́, tí ẹlòmíràn á ní ó ti parí, á yíjú padà, á mọ̀ọ́mọ̀ sún àwọn òbìrí náà kì, á ba ìdáhùn tó ti dára jẹ́ díẹ̀, kó lè tún wọn fẹ̀ gba ibòmíràn. Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń bá òbìrí tuntun pàdé lọ́hùn-ún, tí méjì àtijọ́ á wá di kò-wúlò.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ṣì ni àwọn ipò tí a kò bìkítà fún. Ẹ̀rọ tó ń fi nọ́ńbà 0 dé 9 hàn ń gba àmì mẹ́rin, àmì mẹ́rin sì ní ipò 16. Mẹ́fà á ṣẹ́ kù tí kò ní nọ́ńbà kankan. Ẹlẹ́rọ á fi X sí wọn, ìyẹn ni pé ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n jẹ́, á sì máa kà wọ́n sí 1 níbi tí 1 bá ràn án lọ́wọ́, sí 0 níbi tí 0 bá ràn án lọ́wọ́. Ìdáhùn á kúrú sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti lo 7447, IC tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, rí mọ àwọn àmì àjèjì tó ń yọ bí nọ́ńbà tó wọlé bá kọjá 9. A ti sọ pé kò kàn wá. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n wo X kọ̀ọ̀kan dáadáa, kí wọ́n bi ara wọn pé ta ni kò kàn.

Nínú FPGA, ìyẹn chip tí ẹni tó rà á lè fúnra rẹ̀ kọ lójíìkì sí, ìṣirò náà tún dojú kọ ibòmíràn pátápátá. Ilé iṣẹ́ Xilinx gbé XC2064 jáde ní 1985, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ kì í ṣe géètì AND àti OR bí a ṣe ń yà wọ́n. Àtẹ òótọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìrántí kékeré. Èyí tó gbajúmọ̀ lónìí ń gba àmì mẹ́fà, ó ní ilé 64, a ó kọ 0 tàbí 1 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́ńṣọ̀n àmì mẹ́fà tó rọrùn jù àti èyí tó díjú jù, iye kan náà ni wọ́n. Gbogbo òbìrí tí èèyàn fi lóògùn yà kò dín kọ́bọ̀ kù níbẹ̀. Iye àmì tó wọlé ló wọ́n, àti iye ìpele tí àmì náà gbà kọjá, àti gígùn wáyà tó so wọ́n pọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ló ń yí ìdáhùn padà. Àsìkò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kan ṣe ẹ̀rọ kan fún iṣẹ́ àṣekágbá wọn: changeover tó ń sọ bóyá iná tó dára wà nínú ilé, àti káńtà tó ń ka iye ìgbà tí iná náà já. Lójíìkì rẹ̀ kò ju báyìí lọ: bí swíìsì bá kọjú sí NEPA tí iná NEPA sì dára, 1, bí swíìsì bá kọjú sí jẹnẹrétọ̀ tí iná jẹnẹrétọ̀ sì dára, 1, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 0. Òbìrí méjì lórí K-map, ó kúrú, kò sí ohun tó ṣeé gé. Lórí kọ̀ǹpútà ó ṣiṣẹ́ láìlábùkù. Lórí breadboard, pátákó tí a ń to ẹ̀yà sí fún ìdánwò, káńtà a máa ka ìgbà tí iná kò já rárá. A kọ́kọ́ fura sí swíìsì, nítorí ẹnu irin a máa gbọ̀n bó bá ń pàdé. A wo ìyẹn sàn. Káńtà ṣì ń purọ́, nígbà tí swíìsì bá kúrò ní NEPA bọ́ sí jẹnẹrétọ̀ nìkan. Bó bá ń padà, kì í ṣe é.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà hàn. Géètì NOT tó ń sọ pé "swíìsì kò sí ní NEPA mọ́" ń gba nǹkan bíi nánósẹ́kọ́ǹdù mẹ́wàá kó tó sọ ọ́. Òbìrí kìíní ti pa, ìkejì kò tíì tàn. Láàárín wọn ni 0 kan ti yọ, kò tó ohun tí ojú lè rí, ó tó ohun tí káńtà lè rí. Oògùn rẹ̀ ni òbìrí kẹta tó bo ààlà àwọn méjì ìṣáájú: bí iná NEPA bá dára, tí iná jẹnẹrétọ̀ náà sì dára, 1, swíìsì ì báà kọjú síbi tó wù ú. Lórí ìwé, òbìrí yìí kò fi nǹkan kan kún àtẹ òótọ́. Quine á gé e, Espresso á gé e, olùkọ́ á yọ máàkì nítorí rẹ̀. David Huffman ti kọ̀wé nípa irú ewu yìí àti bí a ṣe ń dènà rẹ̀ ní 1957, ọdún kan péré lẹ́yìn iṣẹ́ McCluskey. Àtẹ òótọ́ kò ní ibi tí èèyàn lè kọ àsìkò sí. Ó mọ ohun tó yẹ kó rí bí gbogbo nǹkan bá ti fìdí kalẹ̀, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà.

Wàhálà kò sì tán síbẹ̀. Ká ní géètì kẹta yẹn bàjẹ́, tó dúró lórí 0 títí láé. Báwo la ṣe máa mọ̀? Bí a bá fi gbogbo ipò mẹ́jọ dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn á pé, nítorí àwọn méjì tó kù ti sọ gbogbo ohun tó wà láti sọ. Géètì tí kò fi nǹkan kan kún un, ikú rẹ̀ kì í hàn. Ilé iṣẹ́ á ti kẹ́rù jáde, a ó sì gbà pé ààbò wà. Ohun tí a fi sí i kó má bàa ṣìṣe ni a kò lè yẹ̀ wò. Kò sí bí mo ṣe yí èyí padà tí kò mú mi ronú.

Ó wú mi lórí pé McCluskey, tí orúkọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ gígé kúrú, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Stanford lórí òdìkejì rẹ̀: bí a ṣe ń dán chip wò, àti bí ẹ̀rọ ṣe lè máa ṣiṣẹ́ nìṣó bí apá kan rẹ̀ bá kú. Òdìkejì ni mo pè é. Bóyá òun fúnra rẹ̀ kò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo gígé ni yóò mọ ohun tí àṣẹ́kù lè ṣe. John von Neumann náà ti kọ ọ́ ní 1956 pé a lè fi ohun tí kò ṣeé gbára lé kọ́ ohun tó ṣeé gbára lé, bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ tí a sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ borí. Kọ̀ǹpútà tó darí rọ́kẹ́ẹ̀tì Saturn V, tó gbé èèyàn lọ sí òṣùpá, ní ẹ̀dà mẹ́ta nínú lójíìkì rẹ̀, wọ́n ń dìbò, ohun tí méjì bá sọ ni ẹ̀rọ ń gbọ́.

Nísinsìnyí kọ̀ǹpútà ló ń gé e. ABC, ètò tí Alan Mishchenko àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley kọ, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Yosys tó ń lò ó náà sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní láptọ́ọ̀pù àti dátà díẹ̀ lè lo ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá ń lò. Mo kọ ẹ̀dà mẹ́ta kan náà sínú Yosys fún kíláàsì, pẹ̀lú ìdìbò lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò ó, ó rí ohun mẹ́ta tó jọra, ó pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, ó sì yọ ìdìbò kúrò, nítorí kí ni ẹnì kan fẹ́ máa dìbò fún? Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kó fi wọ́n sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ keep sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nínú irinṣẹ́ àwọn tó ń tà á, dont_touch ni.

Mo ti ń fi irú géètì àṣẹ́kù tó nílò keep bẹ́ẹ̀ kún iṣẹ́ tí mo ń fún wọn. Mo tún ní kí wọ́n kọ ìlà kan sábẹ́ rẹ̀, ní èdè tó bá yá wọn lẹ́nu, kí wọ́n sọ ìdí tí géètì yẹn fi wà níbẹ̀ àti ewu tó ń dènà. Ọmọ 7408 náà bi mí pé ta ló fẹ́ kà á. Mo ní ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, torí òun náà ti kọ́ K-map, ọwọ́ á sì ti máa yún un láti gé e.